Ẹnu Mi Kò Sí Lórí Àtẹ

Àwọn tó bá ti Ìlú Ọba dé, ọ̀rọ̀ òtútù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Òótọ́ ni, òtútù mú èmi náà, ó mú mi débi pé mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni àpótí kan tó wà ní pálọ̀ obìnrin tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan wà nínú àpótí náà, ó ń purọ́ láìṣẹ́jú, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Mísíìsì Kílì ni obìnrin náà ń jẹ́. Opó ni, ó ga, ó rù, sìgá kì í sì í kúrò ní ìka rẹ̀. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí àwọn onílé yòókù ní òpópónà náà kọ ọ́ sójú fèrèsé pé àwọn ò gba aláwọ̀ dúdú. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo dé, ó pè mí wá sí pálọ̀ kí n wá wo tẹlifíṣọ̀n. Eré kan ń lọ lọ́wọ́, ọkọ àti ìyàwó ń jà, ọ̀rọ̀ sì ti ń dùn mọ́ mi, àfi bí eré náà ṣe dá dúró lójijì. Obìnrin mìíràn yọ, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan mọ́ àyà, omijé ayọ̀ sì ń dà lójú rẹ̀, ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmí.

Mo ní, "Mísíìsì Kílì, ta ló bímọ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó bímọ. Ọṣẹ oníyẹ̀fun ni obìnrin náà fi fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tí inú rẹ̀ fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìpolówó ọjà ni.

Ìpolówó kẹ̀? Èmi mọ ìpolówó. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi.

Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n ti bí ìyá mi, Ìjerò ló relé ọkọ sí. Yèyé la máa ń pè é. Bàbá mi ń gbin kòkó, ó sì ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ mìíràn. Èèpo kòkó tí àwọn èèyàn ń dà nù lóko, Yèyé á kó o jọ, á sá a, á sun ún, á fi eérú rẹ̀ se ọṣẹ dúdú. Lọ́jọ́ ọjà, èmi àti àbúrò mi Rájì á bá a gbé e lọ. Èmi ni mo máa ń polówó, nítorí ohùn mi ni ó máa ń la ariwo ọjà kọjá: "Ọṣẹ rèé o! A-fọ-ìdọ̀tí-má-fọ-àwọ̀! Ọṣẹ rèé!" Ẹni tí ọṣẹ rẹ̀ kò bá hó, ó mọ ibi tí yóò gbé e padà wá. Á dúró síwájú Yèyé, á ní, "Yèyé Rájì, tàná yìí kò hó o." Yèyé á fi omi ra á lọ́wọ́, á wò ó, bí kò bá hó lóòótọ́, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó polówó ń bẹ nídìí àtẹ rẹ̀. O rí ojú rẹ̀, o mọ ilé rẹ̀, o mọ mọ́ṣáláṣí tó ti ń kírun.

Ọkùnrin inú àpótí yìí ńkọ́? Bí ọṣẹ rẹ̀ kò bá hó, ta ni n ó bá? Mo bi Mísíìsì Kílì léèrè. Ó fẹ́ èéfín sókè, ó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò wá sí òun lọ́kàn rí láti ọjọ́ tí òun ti dáyé.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo tìtorí rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé, wọ́n ní kò tíì sí àyè, kí n máa ṣiṣẹ́ níbi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan títí àyè yóò fi yọ. Ìsàlẹ̀ ilé ni a wà, oòrùn kì í débẹ̀. Aṣọ ìbùsùn àwọn aláìsàn ni a ń fọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọṣẹ oníyẹ̀fun yẹn náà ni wọ́n ń kó fún wa. Kò pẹ́ tí ìka mi fi bẹ̀rẹ̀ sí bó, tí awọ ọwọ́ mi lanu bí ilẹ̀ tí òjò kọ̀ sílẹ̀. Mo ń fi òróró pa á, ó ń ta mí.

Ọjọ́ tó nira jù fún mi ni ọjọ́ iléyá. Mo kírun nínú yàrá mi kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi nìkan, kò sí ẹni tí a jọ dúró léjìká sí èjìká. Lẹ́yìn náà mo wọ kóòtù mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, mo ń retí kí ẹnì kan kí mi kú ọdún. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo dúró níwájú dígí, mo kí ara mi. Mo ní, "Ẹ kú ọdún o." Mo dá ara mi lóhùn, "Ọdún á yabo." Mo sì pinnu pé ẹkún ò sí nínú rẹ̀.

Níbi ìfọṣọ yẹn ni àwọn onífíìmù ti rí mi. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó bá ọ̀gá wa wọlé, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yan iṣu. Ó ní obìnrin Áfíríkà kan ni òun ń wá, tí ẹ̀rín rẹ̀ dára, tí yóò di páálí ọṣẹ mú nínú ìpolówó. Ọ̀gá wa nawọ́ sí mi. Ọkùnrin náà ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni, owó rẹ̀ sì dára. Mo gbà. Kí ló dé tí n kò fi ní gbà? Mo fẹ́ mọ bí inú àpótí yẹn ṣe rí.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ti fi koríko kọ́ ahéré kan sínú gbọ̀ngàn. Wọ́n ya odò sára ògiri, wọ́n to òkúta síwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan mú ìdì ọ̀pá koríko kan tí wọ́n fi okùn so wá fún mi.

Mo ní, "Kí lèyí?"

Ó ní, "Aṣọ yín ni."

Mo wo koríko, mo wo ọmọbìnrin náà. Mo ní mo gbé aṣọ mi wá. Mo wọ yàrá kékeré kan, mo ró ìró mi, mo wọ bùbá mi, mo wé gèlè, mo jáde. Ọkùnrin ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó gbá orí mú. Ó ní àwọn tó ń wòran kò ní mọ̀ pé abúlé ni mo ti wá. Mo ní abúlé kọ́ ni mo ti wá, Ìjerò ni mo ti wá, ọba wa ń dé adé. Àwa méjèèjì fà á díẹ̀, ìgbà tó rí i pé n kò ní fọwọ́ kan koríko náà, ó ní kí n máa bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ló ṣàlàyé iṣẹ́ fún mi. Kí n wo páálí ọṣẹ náà bí ẹni tó rí ohun ìyanu. Kí n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kí n sọ ohunkóhun tó bá wù mí ní èdè wa. Ohun tí mo bá sọ kò ṣe pàtàkì, nítorí wọn yóò fi ohùn ọkùnrin kan bò ó, bí ẹni pé ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ọkùnrin olóhùn náà gan-an jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń mu tíì. Mo ní kí ó jẹ́ kí n rí ohun tí yóò sọ. Ó na ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ní abúlé wa, a máa ń fi aṣọ na orí òkúta láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ a kò mọ ohun tó ń jẹ́ aṣọ mímọ́ rí, àfi ìgbà tí ọṣẹ yìí dé.

Mo rí Yèyé. Mo rí i bó ṣe máa ń yọ aṣọ funfun Bàbá lórí okùn ní ọjọ́ Jímọ̀, tí funfun rẹ̀ máa ń ta yọ láàárín àgbàlá.

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín pé aṣọ wa kì í mọ́?"

Ọkùnrin ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó ní, "Má bínú. Ìpolówó lásán ni. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́."

"Bí kò bá sẹ́ni tó gbà á gbọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń sọ ọ́?"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tan iná.

Iná tàn sí mi lójú. Mo di páálí náà mú. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Yèyé kọ́ mi nídìí ọjà. Mo sì la ohùn tí mo fi ń la ariwo ọjà Ìjerò kọjá. Mo ní, "Ẹ má ra èyí o! Ó ti bó mi lọ́wọ́! Ọṣẹ yèyé mi l'Ìjerò ló dáa. Àwọn wọ̀nyí ò mọ ulé wa o, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ulé!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó ní ó dára gan-an, ó ní ó dà bí orin. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi mí ohun tí mo sọ.

Wọ́n gbé e jáde. Wọ́n jẹ́ kí ohùn mi kọ́kọ́ dún díẹ̀ kí ohùn ọkùnrin onítíì tó bò ó mọ́lẹ̀, ìwọ̀nba tó dún yẹn sì tó. Ní alaalẹ́, láàárín eré, èmi pẹ̀lú gèlè mi á yọ sínú pálọ̀ àwọn òyìnbó, n ó máa rẹ́rìn-ín sí wọn pé, "Ẹ má ra èyí o! Ó ti bó mi lọ́wọ́!" Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí dìde láti ẹ̀yìn, ó kígbe pé, "Ẹ má rà á o!" Mo ní, "Ó ti bó mi lọ́wọ́!" Gbogbo òyìnbó inú bọ́ọ̀sì ń wò wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rìn ní ìlú náà bí ẹni tó ń rìn ní àdúgbò rẹ̀. Ẹnì kan padà lọ ta wọ́n lólobó, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ó ti pẹ́ jù.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Mísíìsì Kílì. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo ṣe é dáadáa. Ní ọjọ́ kejì ó lọ sọ́jà, ó tún ra ọṣẹ yẹn gan-an bọ̀.

Mo ní, "Mísíìsì Kílì! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ?"

Ó ní, "Mo mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó ti mọ́ mi lára ni."

Láàárín ìgbà yẹn ni ìbò Ìlú Ọba dé. Tẹlifíṣọ̀n kún fún àwọn olóṣèlú. Bí ọlọ́ṣẹ bá ti ń kúrò, olóṣèlú á gun orí àpótí, ohùn kan náà, ẹ̀rín kan náà, ohun gbogbo yóò mọ́ bí a bá ti lè ra òun. Àwọn ènìyàn wọn ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ọ̀kan nínú wọn kan tiwa, ó so rìbọ́ọ̀nù mọ́ àyà, ó gba orí mi wo inú ilé, ó ní ṣé onílé wà. Mo ní onílé ò sí, ṣùgbọ́n èmi náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, òfin wọn gbà á fún àwa tí wọ́n ti ṣàkóso rí. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rín bọ́ sójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé pé àwọn ò gba aláwọ̀ dúdú. Ó ní ọ̀rọ̀ tó le díẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀la rẹ̀, ti ẹgbẹ́ kejì dé. Mo bi í ní ìbéèrè kan náà. Òun náà ní ọ̀rọ̀ tó le díẹ̀ ni. Àwọ̀ rìbọ́ọ̀nù wọn nìkan ni kò dọ́gba.

Mísíìsì Kílì dìbò fún ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń dìbò fún. Mo bi í bóyá wọ́n ṣe nǹkankan fún un rí. Ó ronú. Ó ní rárá o, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ òun lára.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, pé kò kàn mí. Àfi bí ti ilé ṣe tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìn odi.

Àwa ọmọ Èkìtì máa ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. A ó jẹun, a ó sọ èdè ìlú wa, ará Ẹ̀fọ̀n á fi èdè ará Ìjerò ṣe yẹ̀yẹ́, ará Ìjerò á dá a padà. Ní ọjọ́ kan, àlejò kan wọlé, agbádá rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Fálọdún ni, ọmọ Àrámọ́kọ, ó ti ń bá ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bára wọn jà nílé ṣiṣẹ́ tipẹ́. Ó ní òun wá ya fíìmù àwa ọmọ Èkìtì ní òkè òkun, tí wọn yóò gbé sórí tẹlifíṣọ̀n nílé kí ìbò tó dé. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó.

Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Tẹlifíṣọ̀n ti mọ ojú rẹ. Ìwọ wulẹ̀ sọ pé ẹ ń gbọ́ bí ilé ṣe tòrò, pé ẹ̀yìn ẹgbẹ́ wa ni gbogbo yín wà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé tòrò?"

Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Rájì ti ránṣẹ́ sí mi. Ní Ìjerò, àwọn àna kì í bá ara wọn jẹun mọ́ nítorí ẹgbẹ́. Sùlè tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé wa, tó máa ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ Rájì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn jàǹdùkú ti là á lórí nítorí pé ó kọ̀ láti so àsíá ẹgbẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fálọdún yìí mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ti fọ́ fèrèsé mọ́ṣáláṣí ní tiwọn. Méjèèjì ti wá bá Bàbá pé ẹgbẹ́ wo ló wà. Bàbá ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń jí lọ sóko lòun wà.

Ọ̀gbẹ́ni Fálọdún rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà kan wà ní Ayétòrò tó ń jẹ́ Rájì. Àbúrò rẹ kọ́ ni? Ọmọ dáadáa. Ìjọba ló gbà á síṣẹ́, ìjọba ni wá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó ya fíìmù náà. Lọ rò ó."

Mo tẹ wáyà sí Rájì. Ó dá a padà pé òun àti Bàbá yóò lọ sí Ìbàdàn, àwọn yóò pè mí láti pósí-ọ́fíìsì. Mísíìsì Kílì ní tẹlifóònù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Nígbà tó dún, ohùn Rájì dà bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó mi lóyún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ lásán ṣáà ni. Kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Ohun tí ọkùnrin ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó sọ nìyẹn gẹ́lẹ́, àbúrò mi ló tún wá ń sọ ọ́ yìí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń gba tẹlifóònù lọ́wọ́ ara wọn, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì oko.

"Ọmọ mi! Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Bàbá."

"Ó dáa. Gbọ́. N kò ní kí o sọ ọ́, n kò ní kí o má sọ ọ́. Wọ́n ti gbé àpótí yẹn dé gbọ̀ngàn ìlú, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fún un níná. Sùlè máa ń lọ wò ó, ọ̀já wà lórí rẹ̀. Bó o bá jókòó sínú àpótí náà, yóò máa wo ẹnu rẹ. Ohun tí o bá lè sọ níwájú Sùlè, òun ni kí o..."

Ẹ̀rọ gé e mọ́ ọn lẹ́nu. Àkókò wọn ti pé.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Gbọ̀ngàn kún. Òyìnbó kan gbé ẹ̀rọ fíìmù kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti sọ tiwọn. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan ní ẹbí nílé tí wọ́n ń bẹ̀rù fún, n kò dá wọn lẹ́bi. Ọ̀gbẹ́ni Fálọdún pè mí síwájú, ó fi ọ̀rọ̀ tí n ó sọ sí mi lọ́wọ́. Mo ká a, mo fi sínú àpò. Mo kọjú sí ẹ̀rọ náà.

Mo ní, "Sùlè, èmi ni o, ọmọ Bàbá oníkòkó. Báwo ni orí yín báyìí? Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe sí yín. Wọ́n ní kí n sọ pé ilé tòrò. Ilé kò tòrò. Ẹni tó là yín lórí mọ ara rẹ̀, ẹni tó rán an mọ ara rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún yín ní àlàáfíà. Ẹ bá mi kí..."

"Pa á! Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn!" Ọ̀gbẹ́ni Fálọdún ló ń ké. Òyìnbó tó ń ya fíìmù kò gbọ́ Yorùbá, ó ṣì ń yà á lọ. Ó di ìgbà tí agbádá bo ojú ẹ̀rọ kó tó yé e.

Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ kejì ló fún mi lówó. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ kejì fi yí mi ká, inú wọn ń dùn, ọ̀kan ti ń fi báàjì wọn há mi ní àyà pé tiwọn ni mí. Mo yọ ọ́, mo dá a padà fún un.

Mo ní, "Ẹ̀yin wo? Ta ló fọ́ fèrèsé mọ́ṣáláṣí?"

Àwọn náà fi mí sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo dá rìn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n orí mi ò tẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fálọdún mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Wọ́n lé Rájì kúrò ní ilé-ìwé Ayétòrò. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ padà sí Ìjerò, ó ń bá Bàbá lọ sóko, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi tí n kò sunkún lọ́jọ́ iléyá, mo sunkún níbi ìfọṣọ, nínú èéfín omi gbígbóná, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè mọ èyí tó jẹ́ omijé. Bí ẹ bá bi mí bóyá n ó tún ṣe é, n ó tún ṣe é. Kò sọ pé kó má dùn mí.

Ìbò dé nílé, ilé sì gbiná. Ọdún wẹ́tìẹ̀ ni, tí wọ́n ń bu epo bẹntiró sára ilé àti ènìyàn, tí wọ́n ń dáná sun wọ́n. Mo ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn, mi ò lè sùn. Bàbá fi oko ṣe ilé títí ìjà fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn ọdún tuntun, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba, wọ́n fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, tẹlifóònù ọ̀dẹ̀dẹ̀ dún. Rájì ni.

Ó ní, "Ìyàwó mi bí obìnrin. Ilé-ìwé kan ní Ẹ̀fọ̀n ti gbà mí." Ó tún ní, "Inú ṣì ń bí mi sí yín o."

Mo ní, "Mo mọ̀, àbúrò mi."

Ó ní, "Sùlè ní kí n kí yín. Ẹnì kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ sọ fún un pé ẹ bèèrè bí orí rẹ̀ ṣe rí níwájú gbogbo èèyàn. Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ wá."

Nígbà tó fi máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó ọdún yẹn, mo ti rí àyè ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ku díẹ̀ kí n kúrò níbi ìfọṣọ nígbà tí ọ̀gá wa mú òṣìṣẹ́ tuntun kan wá bá mi, kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń ká aṣọ ìbùsùn. Mo gbójú sókè. Ọ̀gbẹ́ni Fálọdún ni. Kò sí agbádá lọ́rùn rẹ̀, apá kóòtù tó wọ̀ ti gbó. Ìjọba tó rán an jáde ti wó lẹ́yìn rẹ̀, kò sì lè padà sílé.

Mo fún un ní etí aṣọ kan, mo di etí kejì mú. A ká díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Àbúrò, má bínú. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni."

Mo ní, "Òṣèlú ò mọ ọ̀nà Ayétòrò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ó wolẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó tún sún mọ́ mi. Ó ní àwọn ọmọ Èkìtì kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, pé kí àwọn dá ẹgbẹ́ tuntun kan sílẹ̀ de ìgbà tí ṣọ́jà bá lọ. Ó ní irú mi ni wọ́n nílò, ẹni tí kì í bẹ̀rù.

Mo fa etí aṣọ ọwọ́ mi le.

Mo ní, "Ẹ fa ọwọ́ tiyín dáadáa. Aṣọ ń wọ́lẹ̀."

Ó fà á.